Ẹni Bá Fowó Sílẹ̀ Ló Ń Sọ Òkè Lórúkọ

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe olófòófó. Ọ̀rọ̀ ló máa ń wá mi wálé fúnra rẹ̀. Ti ọ̀tẹ̀ yìí tiẹ̀ rọrùn, nítorí kò kan ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa, Bàbá Onílé kò sì ní pè mí síwájú pé kí n wá wí tẹnu mi. Ọ̀rọ̀ òkè ni. Òkè tó wà nísàlẹ̀ ayé pátápátá, níbi tí igi kì í hù, tí àkùkọ kì í kọ, tí kò sí abúlé tàbí ọjà. Mo wá ń bi ara mi pé, níbi tí kò sí baálẹ̀, tí kò sí ọmọ onílẹ̀, ta ló ń sọ òkè lórúkọ?

Mo ti wádìí rẹ̀. Ẹni tó sanwó ni.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Antárktìkà, yìnyín ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán. Nínú yìnyín yẹn ni ọ̀wọ́ òkè kan ti yọrí síta, ó gùn tó 350 kìlómítà láti àríwá sí gúúsù, ìbú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 48 kìlómítà lọ. Odò yìnyín tí wọ́n ń pè ní Minnesota Glacier ló là á sí méjì: Sentinel Range wà lápá àríwá, Heritage Range wà lápá gúúsù. Àpapọ̀ wọn ni Ellsworth Mountains. Ibẹ̀ ni òkè tó ga jù ní gbogbo Antárktìkà wà, Vinson ni wọ́n ń pè é, 4,892 mítà ni gíga rẹ̀. Ẹ fi orúkọ méjì yẹn sọ́kàn, Ellsworth àti Vinson. Ọ̀kan forí la ikú, èkejì jókòó sílé.

Lincoln Ellsworth, ọmọ olówó ni. Bàbá rẹ̀, James, fi èédú abẹ́ ilẹ̀ là ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1925, ọmọ ní òun fẹ́ bá Roald Amundsen, ará Nọ́wè nì, fò lọ sí ìpẹ̀kun ayé lápá àríwá. Bàbá kọ̀, bàbá bínú, nígbà tó yá bàbá fi 85,000 dọ́là sílẹ̀. Ẹ ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹkún gba nǹkan lọ́wọ́ òbí ni? Ọmọ àti Amundsen gbéra, wọ́n há sórí yìnyín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹnikẹ́ni kò gbúròó wọn. Kí wọ́n tó jàjà bọ́, bàbá ti kú. Kò mọ̀ bóyá ọmọ òun wà láàyè.

Ọmọ yìí kò kúkú sinmi. Ní ọjọ́ 23, oṣù kọkànlá, 1935, òun àti awakọ̀ òfurufú kan, Herbert Hollick-Kenyon, gbéra láti Dundee Island nínú bàálù kékeré tí wọ́n ń pè ní Polar Star, wọ́n fẹ́ fò la Antárktìkà já. (Ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn dé ibẹ̀, Ellsworth sọ ọ́ ní Wyatt Earp. Wyatt Earp ni ọlọ́pàá oníbọn ayé àtijọ́ tí wọ́n máa ń fi ṣe fíìmù àwọn ẹlẹ́ṣin Amẹ́ríkà. Ellsworth kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ìfẹ́ ń ṣe ènìyàn.) Bí wọ́n ti ń fò ni àwọn òkè yọ sí wọn, òkè tí ojú ẹ̀dá kò rí rí. Ó sọ wọ́n ní Sentinel, bí ìgbà tí wọ́n dúró ṣọ́ ibẹ̀. Ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ sọ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn. Ó wá mú òkè kan láàárín wọn, ó fi ta ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ: Mary Louise Ulmer. Títí dòní, Mount Ulmer ni òkè náà ń jẹ́. Ìyàwó Bàbá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ọkọ yín báyẹn, kò sí bàálù lọ́wọ́ tiwọn.

Ojú ọkùnrin yìí rí nǹkan o. Ẹ̀rọ tó fi ń bá ayé sọ̀rọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n balẹ̀ sórí yìnyín lójú ọ̀nà. Epo bàálù tán nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ibẹ̀ ni Little America, ibùdó tí Richard Byrd, ará Amẹ́ríkà bíi Ellsworth, ti kó jáde nínú rẹ̀. Yìnyín ti bò ó mọ́lẹ̀, láti orí òrùlé ni wọ́n ti wọlé. Inú ihò yẹn ni wọ́n jókòó sí fún oṣù kan, tí gbogbo ayé ń wá wọn, kí ọkọ̀ Discovery II tó yọ ní oṣù kìíní 1936.

Ibi tó dùn jù nìyí. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yẹn, Ellsworth kò rí òkè tó ga jù. Ó kọjá lára rẹ̀. Oṣù kìíní 1958 ni àwọn awakọ̀ òfurufú ológun ojú omi Amẹ́ríkà tó tajú kán rí i. Wọ́n wo òkè gàgàrà yìí, wọ́n wo ọ̀tún wo òsì, orúkọ ta ni wọ́n fi sọ ọ́? Carl Vinson, aṣòfin láti Georgia, ẹni tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ológun nílé aṣòfin wọn, tó sì lo ju àádọ́ta ọdún lọ nílé náà. Òun ló máa ń ti iṣẹ́ Antárktìkà lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń pín owó ìjọba. Ó tán. Ẹni tó fẹ̀mí wewu fún ìyàwó rẹ̀ ní òkè kékeré, ẹni tó di àpò owó mú gba ọba òkè. Conrad Shinn náà, tó kọ́kọ́ fi bàálù balẹ̀ sí ìpẹ̀kun gúúsù gan-an ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, 1956, wọ́n fún un ní Mount Shinn, nítòsí Vinson níbẹ̀, ó sì kéré sí i. Ẹsẹ̀ ènìyàn kò kan orí Vinson títí di ọjọ́ 18, oṣù kejìlá, 1966, tí àwọn tí Nicholas Clinch kó lẹ́yìn fi gùn ún. Orúkọ ti wà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀.

Ṣé kò jọ ìkómọjáde tiwa? Wọ́n á gbé abọ́ sílẹ̀, ẹni bá ju owó síbẹ̀, ẹ óò bi í pé, "Kí lẹ ní kí ọmọ máa jẹ́?" Ẹni tí kò bá ju nǹkan síbẹ̀, àmín ni tirẹ̀.

Byrd tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, òun ló gbé abọ́ tó tóbi jù kiri. Lóòótọ́, ó fún ìyàwó tirẹ̀ ní odindi ilẹ̀, Marie Byrd Land, lọ́dún 1929. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kù sọ́wọ́ àwọn olówó: Rockefeller gba ọ̀wọ́ òkè, Edsel Ford, ọmọ onímọ́tò, gba tirẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ, ẹ mọ Horlicks? Horlicks oníyẹ̀fun tí àwọn àgbà ń pò mu kí wọ́n tó sùn? William Horlick tó ni ín náwó fún Byrd. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ bàálù, wọ́n tún fi sọ ọ̀wọ́ òkè, Horlick Mountains. Kò tán síbẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, Mabelle Sidley, náà dá owó, ó gba Mount Sidley, òun sì ni òkè ayọnáyèéfín tó ga jù ní Antárktìkà. Bàbá tà, ọmọ tà, oorun àwọn ènìyàn sì ń dùn.

Ṣé ẹ rò pé apá ìsàlẹ̀ ayé nìkan ni? Ẹ jẹ́ ká gòkè lọ sí àríwá. Axel Heiberg ń mójú tó owó nílé iṣẹ́ ọtí bíà tí àwọn Ringnes, Amund àti Ellef, ní ní Nọ́wè. Owó ọtí yìí ni Otto Sverdrup fi ṣíkọ̀ láti 1898 dé 1902. Ó rí erékùṣù mẹ́ta, ó sọ ọ̀kan ní Axel Heiberg, ó sọ èkejì ní Amund Ringnes, ó sọ ẹ̀kẹta ní Ellef Ringnes. Kánádà ló ni wọ́n báyìí, lọ́dún 1930 wọ́n sì san 67,000 dọ́là fún Sverdrup nítorí àwọn àwòrán ilẹ̀ tó yà, ṣùgbọ́n orúkọ ọlọ́tí kò yí padà. Heiberg yìí kan náà ni Amundsen fi orúkọ rẹ̀ sọ odò yìnyín tó gbà gòkè nígbà tó ń lọ sí ìpẹ̀kun gúúsù lọ́dún 1911. Ẹnì kan ṣoṣo, ó jókòó sórí ayé, ó tún jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀!

Orí erékùṣù Heiberg yẹn ni Robert Peary, ará Amẹ́ríkà, dúró sí lọ́dún 1906. Ó ní òun rí òkè oníyìnyín lókèèrè, lórí òkun dídì. Ó sọ ọ́ ní Crocker Land. George Crocker ni olówó San Francisco tó fún un ní 50,000 dọ́là. Kò wá burú o, àfi pé nínú ìwé tí Peary fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní ọjọ́ yẹn gan-an, ó ní òun kò rí ilẹ̀ kankan. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ gba owó kejì! Crocker kò tilẹ̀ rí owó fún un mọ́, ilẹ̀ ti mì tìtì ní San Francisco lọ́dún náà, wọ́n ń tún ìlú kọ́.

Wọ́n tún rán Donald MacMillan lọ wá òkè náà. Ní oṣù kẹrin 1914, òun àti Fitzhugh Green àti àwọn Inuit méjì, ọmọ onílẹ̀ lápá àríwá yẹn, dúró lórí yìnyín, wọ́n rí i kedere: òkè, àfonífojì, ṣóńṣó funfun. Piugaattoq, ọ̀kan nínú àwọn Inuit náà, sọ fún wọn pé kùrukùru ni. Wọn kò gbọ́. Wọ́n rìn lọ fún ọjọ́ mélòó kan, bí oòrùn ṣe ń yípo ni òkè ń yíra padà, nígbà tó yá ó pòórá. Lójú ọ̀nà àbọ̀, Green yìnbọn pa Piugaattoq. MacMillan parọ́ fún àwọn ènìyàn Piugaattoq pé yìnyín ló ya lù ú, ẹnikẹ́ni kò sì gbé Green lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tó mọ òkun yẹn dénú ni wọ́n pa. Ẹni tó fowó sílẹ̀ ni wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ lọ́rùn. Àwàdà ni mo ń ṣe láti àárọ̀, èyí kì í ṣe àwàdà.

Ó dára, ẹ jẹ́ n parí rẹ̀, ọbẹ̀ mi wà lórí iná. Àwọn Amẹ́ríkà ti ṣòfin fún orúkọ ní Antárktìkà báyìí: bí o bá náwó, tí o wá ń fi ìnáwó náà polówó ọjà, o kò ní gba òkè. Orúkọ ọjà kò wọlé, orúkọ ajá tó ń fa ẹrù lórí yìnyín kò wọlé, orúkọ ẹran ọ̀sìn kò wọlé. Àwọn ará Bulgaria, tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ orúkọ tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1994, ń fi orúkọ ìlú àti abúlé wọn sọ òkè Sentinel lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì sọ ọ̀wọ́ òkè kan ní erékùṣù Livingston ní Tangra, òrìṣà ńlá àwọn baba ńlá wọn. Nítorí náà, Bàbá Télọ̀, ṣọ́ọ̀bù yín kò ní gba òkè. Ìyá Ẹlẹ́kọ, ewúrẹ́ yín kò ní gbà. Ẹ dá owó tí ẹ ti ń ṣírò padà sápò. Bó bá sì ń yún yín lọ́wọ́, ìyàwó ọmọ mi kò ní pẹ́ bímọ, abọ́ ti wà nílẹ̀, èmi ni mo dì í mú.