Bọ̀dá Ẹ-Dákẹ́

Ẹ ti rí i rí, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Kó sáà ti di pé àwọn ọ̀dọ́ olórin kan l'Ékòó fẹ́ fi fáólìn, sẹ́lò, pìánò àti gángan ṣeré pọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nínú ọgbà ilé ẹnìkan ní Sùúrùlérè. Ìwé ìpè ní kí oníkálukú mú ẹní wá, pé ẹ lè jẹ, ẹ lè mu, ẹ lè bi olórin ní ìbéèrè láàárín eré. Bọ̀dá kò ka ibẹ̀ yẹn. Orí àga oníke kan ṣoṣo tó wà níwájú lẹ ó ti bá a. Ooru ń mú, bùbá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ làwọn èèyàn wọ̀. Kóòtù lòun gbé wọ̀, ó tún wé sìkáàfù òtútù mọ́ ọrùn. Ó ti gbé ní London fúngbà díẹ̀ rí. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè bá a jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ ò ní mọ̀.

Iṣẹ́ kan ló wá ṣe níbẹ̀: kó máa ní kí aráyé dákẹ́. Orin náà pín sí apá mẹ́rin. Bí apá kìíní ṣe ń parí, fáólìn ń sá lọ, gángan ń lé e, inú èrò dùn, wọ́n bú sí àtẹ́wọ́. Kíá, ìka Bọ̀dá ti wà lókè. "Ṣìì! Kò tíì parí!" Ìyá kan tó ń gbé pọfupọfu lọ sẹ́nu dá ọwọ́ dúró lójú ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ń ta fáólìn. Ó fẹ́ dìde lọ lẹ owó mọ́ ọmọ rẹ̀ níwájú orí, ojú tí Bọ̀dá fi wò ó ló mú un padà jókòó.

Ẹ bi í níbo ni òfin àìpàtẹ́wọ́ kí orin tó parí yìí ti wá, yóò ní Yúróòpù ni. Kò parọ́, àmọ́ òfin náà kò dàgbà tó bó ṣe rò. Lọ́dún 1778, Mozart kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ láti Paris, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn pé àárín apá kìíní simfóní òun gan-an làwọn èèyàn ti pàtẹ́wọ́, níbi tóun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò dùn mọ́ wọn. Ní Vienna lọ́dún 1813, tí wọ́n kọ́kọ́ lu Simfóní Keje ti Beethoven, apá kejì wọ èrò lára débi pé wọ́n ní kí wọ́n tún un lù lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìdákẹ́rọ́rọ́ tó di ẹ̀sìn. Wọ́n tiẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé ní Bayreuth lọ́dún 1882, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ́pẹ́rà Parsifal, Wagner fúnra rẹ̀ kígbe yin àwọn akọrin, làwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ní "Ṣìì!" Ẹni tó ni orin! Mo fura pé bàbá ńlá Bọ̀dá wà lórí ìjókòó níbẹ̀.

Kò fẹ́ kí wọ́n da oríṣi orin kan pọ̀ mọ́ òmíràn, ó ní àìmọ̀kan àwọn ọmọ ìwòyí ni. Bó bá fẹ́ pa ẹnu yín mọ́, á ní: "Ẹ wo Fẹlá Ṣówándé! Ìyẹn kì í ṣe eré." Ṣówándé tó ń lu jáàsì káàkiri London láàárín àwọn ọdún 1930, tó tún jókòó sídìí dùrù ṣọ́ọ̀ṣì! Nígbà tó kọ African Suite lọ́dún 1944, orin háílàìfù ló mú wọ apá tó gbẹ̀yìn. Akin Euba náà kọ Igi Ńlá Só fún pìánò àti ìlù Yorùbá lọ́dún 1963. Ọ̀ràn tí Bọ̀dá ń pè ní ti ọmọdé ti lé lọ́gọ́ta ọdún.

Gángan ló wá tú àṣírí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo wà níbẹ̀. Ọmọ Àyàn kan ló ń lù ú, ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Sẹ́lò ń fa ohùn kan ṣoṣo lọ nísàlẹ̀. Ọmọ Àyàn fún ọsán mọ́ra, ó dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó wo ojú Bọ̀dá kòró, ó fi ìlù bi í pé: "Baba onísìkáàfù, ṣé ooru ò mú yín ni?" Ó tún un bi. Mẹ́gáàdì ẹnu géètì, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá onípọfupọfu fọwọ́ bo ẹnu, kò ràn án, ni gbogbo ọgbà bá gbà á. Bọ̀dá yíjú sí wa. "Ṣìì!" Ó sọ sí mi létí pé, "Pólírídìmù nìyẹn. Wọn ò mọ̀."

Fáólìn lè yọ́ láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn bíi ti gángan. Pìánò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ta fáólìn mọ èyí dáadáa. Ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu gángan, ó sì fi okùn bi Bọ̀dá ní ìbéèrè kan náà, ooru, sìkáàfù àti gbogbo rẹ̀, ohùn kan ò yẹ̀. Bọ̀dá dijú. Ó mí kanlẹ̀. "Áà! Orin nìyẹn!"

Nílùú tí wọ́n bí i sí, bí onílù bá fi ìlù kí èèyàn tàbí tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni náà á dá a lóhùn tàbí kó ki ọwọ́ bọ àpò. Bọ̀dá kò ṣe ọ̀kankan.

Nígbà tí eré parí, ó lọ bá àwọn olórin, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n ta ló kọ́ wọn, ó ní ohùn wọn dára ṣùgbọ́n èrò Èkó ò tíì dàgbà tó. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní "Ẹ ṣé gan-an, sà." Ìgbà tí igbá owó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká ni fóònù rẹ̀ dún, ó sì rìn lọ sẹ́yìn ọgbà, ó ń pariwo sínú rẹ̀. Ìyá onípọfupọfu fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà sínú igbá. Mẹ́gáàdì fi igba náírà sí i. Bọ̀dá kò fi kọ́bọ̀ sí i.