Ta Lẹ Ń Wá?

Ní àwọn ìlú àtijọ́ ilẹ̀ Òyìnbó, ẹ lè dá rìn láti àárọ̀ dalẹ́ láìsí ẹni tí yóò kí yín. Ẹ dán an wò ní Òsí, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹ ní ẹ fẹ́ fẹsẹ̀ wo ìlú Aréògún, agbẹ́gilére tó kú ní 1954. Ẹ ò tíì rìn jìnnà tí ọlọ́kadà á fi dúró: “Ṣé mọ́tò yín bàjẹ́ ni?” Ìyá tó ń sá láfún á ní, “Ẹ kú ìrìn o. Ọmọ ilé ta ni yín?” Ẹ ní ẹ kàn ń rìn ni. Wọ́n á wo bàtà yín, wọ́n á wojú yín, wọ́n á sì ní kí ọmọdé kan máa sìn yín lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yunifásítì Yale l'Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ Bámigbóyè, agbẹ́gilére mìíràn, ará Odò-Ọ̀wá, ní 2022, kò sẹ́ṣọ̀ọ́ tó béèrè orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni.