Tòkúnbọ̀ Méjì, Ọ̀kan Ló Ń Sanwó Bodè

Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé, Tòkúnbọ̀ là ń pè é. Ọkọ̀ tí wọ́n ti lò lókè òkun tí wọ́n gbé wálé, Tòkúnbọ̀ náà ni. Orúkọ kan náà, òkun kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe ń kí wọn lẹ́nu bodè. Tòkúnbọ̀ ẹlẹ́ran ara á fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ hàn, wọ́n á ní kó káàbọ̀. Tòkúnbọ̀ onírin á gúnlẹ̀ sí èbúté Tin Can ní Èkó, àwọn aṣọ́bodè á sì máa wo olówó rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ pàtẹ ní ọjà ọkọ̀ Berger. Bẹ́ẹ̀ òfin wa mọ ohun tó ń jẹ́ ẹrù ara ẹni. Ìkòkò tí ẹni tó ń padà wálé fi ń se ọbẹ̀ ní Houston, bẹ́ẹ̀dì tó ń sùn sí, ẹrù ara ẹni ni wọ́n bó bá ti lò wọ́n pẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ nìkan ló di ọjà lójú omi.

Ẹ má bú ìjọba o. Ìjọba fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lájò débi pé ó ya ọjọ́ 25 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún wọn lọ́dọọdún. Àwọn èèyàn pàtàkì á sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n á ní kí wọ́n padà wá tún ilé ṣe. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, òótọ́ ni. Àmọ́ òwe náà kò sọ pé kí onílé fẹsẹ̀ rìn délé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Láti ọdún 2022, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó bodè ọkọ̀ àlòkù, ìdá 15 mìíràn sì wà lórí rẹ̀ nítorí ìdàgbàsókè iṣẹ́ ọkọ̀ ṣíṣe nílé. A ò tíì ka VAT àti àwọn owó kéékèèké yòókù. Bí wọ́n bá ka ọkọ̀ kan sí $5,000, owó méjèèjì yìí jẹ́ $1,750. Náírà la sì fi ń san án. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, ₦422.30 làwọn aṣọ́bodè fi ń ṣírò dọ́là kan, nítorí náà gbèsè náà kò tó ₦740,000. Nígbà tí oṣù Kejì ọdún 2024 fi wọlé, dọ́là kan ti kọjá ₦1,350, gbèsè ọkọ̀ kan náà sì ti lé ní ₦2,360,000. Iyọ̀ òkun ń jẹ páànù rẹ̀, táyà rẹ̀ ń rọ̀, owó bodè rẹ̀ sì ń sanra. Ará London ní tirẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò yìí: ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárín ọkọ̀ tirẹ̀ wà, àwa sì ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún títì láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ibẹ̀ ni kó ti tà á.

Wọ́n á ní bí a bá ṣílẹ̀kùn kí ẹni tó ń padà wálé gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ wọlé láìsanwó bodè, àwọn oníṣòwò á sọ ara wọn di arìnrìn-àjò. Ẹ̀rù yẹn tọ́, àmọ́ àwọn ẹlòmíì ti wá nǹkan ṣe sí i. Ní Kẹ́ńyà, ẹni tó bá ti gbé òkèèrè fún ọdún méjì, tó sì ti ní ọkọ̀ rẹ̀ tó ń lò ó fún oṣù 12, lè gbé e wọlé láìsanwó bodè, bí kò bá ti jẹ irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ rí, tí ọkọ̀ náà kò sì ju ọdún mẹ́jọ lọ. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe é fún ẹni tó ń kó lọ sọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ ta ọkọ̀ náà kí ọdún kan tó pé. Oníṣòwò wo ló máa fọdún kan wa ọkọ̀ kan lókè òkun kó tó wá tà á níbí? Ebi á ti pa á kú.

Wọ́n á tún ní ká dáàbò bo àwọn tó ń to ọkọ̀ nílé. Ó dáa. Láti ọdún 1975 tí Volkswagen ti ń to ọkọ̀ Ìjàpá ní Ọ̀jọ́ la ti ń gbọ́ orin ìdáàbòbò. Ìjàpá rìn títí, kò dé ibi tó ń lọ, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì kan tó gbé Corolla rẹ̀ dé láti Amẹ́ríkà ló dí i lọ́nà. Ní ti owó tí àpò ìjọba máa pàdánù, ẹni kan, ọkọ̀ kan, ẹ̀ẹ̀kan péré láyé ni ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹni tó padà wálé á ra epo, á gba èèyàn síṣẹ́, á san owó orí títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Gbogbo èyí kò sí lára ẹni tó jókòó sí Houston.

Bí èyí náà bá ṣòro, kí ìjọba kúkú bá wa ṣe ìsọmọlórúkọ tuntun ní Tin Can. Kí ọmọ máa jẹ́ Tòkúnbọ̀, kí ọkọ̀ máa jẹ́ Sanwó-Kóo-Tó-Wọlé.