Serotonin, Ta Ni Ẹ Ń Ṣiṣẹ́ Fún Gan-an?

Ẹ̀yin Serotonin wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin èròjà tó ń jíṣẹ́ nínú ara,

Ẹ kú ìrìn o. Ṣé dáadáa lẹ wà nínú ìfun wa, tí èyí tó pọ̀ jù nínú yín fi ṣe ilé? Láti Addo, lẹ́bàá Ajah, ni mo ti ń kọ̀wé yìí, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọ̀rọ̀ ìrìn náà ni mo bá wá, kí ará ìlú sì bá mi gbọ́ ọ.

Ẹ má bínú, ìwà yín ò yé mi. Ẹ̀yin kan ṣoṣo, ilẹ̀kùn mẹ́rìnlá lára sẹ́ẹ̀lì, 5-HT, orúkọ yín kejì, sì wà lára wọn! Kí oògùn kan ilẹ̀kùn 5-HT1B lórúkọ yín, eku á máa sáré kiri inú àgò bí ọmọ iléèwé tí aago ìparí ṣẹ̀ṣẹ̀ lù fún. Kó kan 5-HT2C, eku kan náà á ṣe jẹ́ẹ́ bí onígbèsè tó gbọ́ kóókóó lẹ́nu ọ̀nà. Kó tún kan 5-HT2A, orí ló ń gbọ̀n pìrì, bíi pé omi kó sí i létí. Kọ̀ǹdọ́ dánfó Ajah pàápàá, tó bá ti ké Badore, Badore náà ni yóò gbéni lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti igi asofẹ́yẹjẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ làwọn adáhunṣe wa fi ń wo wèrè, kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó sọ yín lórúkọ ní 1948. Reserpine inú rẹ̀ a máa tú àká yín dànù nínú ọpọlọ, pẹ̀lú ti Dopamine aládùúgbò yín. Ní 1957, Arvid Carlsson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fún ehoro ní reserpine, ehoro sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ gbagidi. Wọ́n fún un ní èròjà tí ara fi ń ṣe yín. Ṣé ó dìde? Ó tì o! Wọ́n fún un ní ti Dopamine, ehoro na etí, ó gbéra. Carlsson wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2000 nítorí Dopamine. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀yin àgbà? Ẹ ṣáà kú ìjókòó.

Mo tiẹ̀ ra bọ̀ọ̀lì lójú títì lẹ́ẹ̀kan, torí mo gbọ́ pé ẹ kún inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán ni mo tó mọ̀ pé èyí tí a bá gbé mì kì í ríbi gba ẹnubodè ọpọlọ kọjá. Owó mi dà?

Èmi ni tiyín,
èrò ìjókòó ẹ̀yìn, nínú dánfó tó ń ṣe bí eku 5-HT2C.