Kábíyèsí Bátìrì, A-sọ-ọ̀gá-di-atimọ́tò

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ní Ìkòsì l'Ékòó, ọ̀gá kan wọ kóòtù, ó de táì, ó yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tòkunbọ̀ rẹ̀. Kábíyèsí Bátìrì dá a lóhùn: tá-tá-tá-tá. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ọba wàjà! Ọ̀gá bọ́ kóòtù, ó ń ti mọ́tò kúrò lẹ́nu géètì kí alájọgbélé lè ráyè jáde.

Kábíyèsí, a-sọ-ọ̀gá-di-atimọ́tò! Ọba tó ń wàjà láàárọ̀, tó ń jí lọ́sàn-án bí wọ́n bá ti fi wáyà méjì tọrọ ẹ̀mí fún wọn lọ́wọ́ bátìrì ẹlòmíì. Oníyẹ̀wù mẹ́fà, tí ìyẹ̀wù kọ̀ọ̀kan ń mú fóòtì 2 ó lé díẹ̀ wá. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá dákú, ààfin dojú dé. Bí wọ́n bá yó, fóòtì 12.6 ni tẹ́sítà ń kà. Bí kò bá pé 12, ìjókòó lásán ni wọ́n jókòó. Adé wọn ni ìyẹ̀fun funfun tó hù sórí tẹ́mínà. Olówó mọ́tò kì í nù ún, bóyá ó rò pé ìlẹ̀kẹ̀ oyè ni. Ó di ìgbà tí ríwáyà, oníṣẹ́ iná mọ́tò, bá da omi gbígbóná lé ọba lórí, tó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ adé dànù, kí iná tó ríbi kọjá.

Ìdílé ọlá ni wọ́n ti wá. Gaston Planté, ará Faransé, ló ṣe baba ńlá wọn ní 1859. Kí Charles Kettering tó gbé sítátà tó ń fi iná bátìrì yí ẹ́ńjìnnì dé, tí Cadillac fi í sínú mọ́tò 1912, irin ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, irin náà a sì máa ta padà ṣẹ́ni lápá. Ẹ wo àánú Kábíyèsí: wọn ò ṣẹ́ni lápá mọ́, wọ́n kàn ń mú kí ará Ìkòsì fi ẹsẹ̀ rìn dé Kétu ni.

Bí ọba bá wàjà, oníkálukú á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ṣùgbọ́n ooru ni baba apani: ó ń fa omi inú bátìrì gbẹ, ó ń jẹ páànù òjé inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Máìlì 12, láàárín àwọn tírélà tòmátò. Ẹ̀rọ amúlétutù, iná, rédíò, gbogbo wọn ń jẹun lórí ọba, nígbà tí ọ̀ltánétọ̀ tó ń gbé oúnjẹ wá kàn ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Onídánfó tó gbọ́n kì í paná ẹ́ńjìnnì rárá, kí ọba má baà wàjà. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo, ọ̀wọ̀ ọba yẹn ti di ohun olówó ńlá.

Nígbà mìíràn, ọba ò tilẹ̀ jẹ̀bi. Bí iná iwájú bá ràn gbòò, tí ẹ́ńjìnnì kàn dún "kọ́" lẹ́ẹ̀kan, sítátà ló sábà máa ń jẹ́. Ríwáyà á wọ abẹ́ mọ́tò, á fi sípánà gbá a: gbì, gbì! Ó ṣiṣẹ́! Kábọ́ọ̀nù inú sítátà tó ti jẹ tán ló tún fara kan ibi tó yẹ, ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ló sì máa fi ṣiṣẹ́.

Ìsìnkú ọba ló wá lárinrin. Àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ẹ̀mù bátìrì á gbé Kábíyèsí sórí òṣùwọ̀n, torí òjé. Ògijo, lọ́nà Ìkòròdú, wà lára ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò sì ti bá òjé náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú, tọmọdé tàgbà. Kábíyèsí ò ní mọ́tò mọ́, wọ́n ṣì ń gba ìṣákọ́lẹ̀.