Lékeléke Ìlú Ọba àti Òkè Àdó

Òyìnbó tó bá ń lọ wo ẹyẹ a máa múra bí ẹni tógun pè. Bàtà rọ́bà á dé orúnkún, ẹ̀wù á láwọ̀ ewé, kámẹ́rà tó so kọ́rùn á gùn ju apá ẹni tó gbé e lọ. Kò kúkú burú, nítorí ogun ló ni ibi tí àwa tá à ń gbé lápá Dagenham máa ń kó ọmọ lọ wo ẹyẹ. Rainham Marshes lorúkọ rẹ̀, àbàtà ńlá kan létí odò Thames. Ó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí àwọn sójà fi ń kọ́ ìbọn yíyìn níbẹ̀, tí aráàlú ò sì gbọdọ̀ yọjú. Lọ́dún 2000 ni RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ, ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ológun. Ọdún 2006 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé tí wọ́n kọ́ fún àlejò. Ẹyẹ ò dúró dè wọ́n o. Nígbà tí ilé ń hù ní gbogbo àyíká, ta ló fẹ́ kọ́ tiẹ̀ síbi tí ọta ìbọn ti ń fò? Ìbọn ló bá ẹyẹ ṣọ́ ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Orí pákó lèèyàn ń rìn, pátákó á máa sọ ohun tó yẹ kó o rí fún ọ, reluwé tó ń lọ sí Paris á sì kọjá fìrì. Òun nìkan ló láṣẹ ariwo. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa láti Lánlátẹ̀, a mú wọn lọ. A bá àwọn bàbá kan nínú ahéré onígi, wọ́n ti na kámẹ́rà síta ojú fèrèsé, kò sẹ́ni tó mí.

"Kí ni wọ́n ń ṣọ́?"

"Ẹyẹ ni, Mọ́mì. Ẹ rọra sọ̀rọ̀."

Wọ́n yọjú wò ó. "Lékeléke mà nìyẹn!"

Bàbá kan fi ìka kan ètè. Mo ní kì í ṣe tilé wa gan-an, ìbátan rẹ̀ ni. Ìyá mi ò gbọ́ ìyẹn. Owó tá a san lẹ́nu ọ̀nà ló ń dùn wọ́n. "Ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó rí lékeléke? Èyí tó ń tẹ̀ lé màlúù kiri lọ́dọ̀ wa, ta ló ń gbójú sókè wò ó? Ká ní o ti sọ fún mi ni, ǹ bá ti kó díẹ̀ mọ́ làfún bọ̀."

Wọ́n búra pé bá a bá délé, àwọn á mú wa lọ síbi tógun lé èèyàn dé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gba ọ̀nà Máyà lọ sí Àdó-Àwáyè. Nílùú Ọba, ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ló ń lọ. Ní Lánlátẹ̀, kí awakọ̀ tó ṣáná sọ́kọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti wọlé, ìyàwó wọn ti wọlé, àwọn ọmọ aládùúgbò ti wọlé, pẹ̀lú ìyá kan tó ní Máyà lòun ń sọ̀, tòun ti àpò gbágùúdá. Ọmọ mi obìnrin bi mí bóyá bẹ́líìtì á kárí. Ìyá Máyà ló dá a lóhùn: wọ́n gbé e lé itan. Búrẹ́dì là ń gbé lọ sí Rainham. Àmàlà làfún àti ọbẹ̀ ìlasa la gbé lọ sí Àdó.

Wọ́n ní àtẹ̀gùn òkè Àdó jẹ́ 369. Ọmọ mi ń fẹnu kà á. Èmi, orúnkún mi ló ń kà á. Gbogbo ibi tí mo bá ti jókòó sinmi, ìyá mi á ti dúró lókè, wọ́n á máa sọ ìtàn sílẹ̀ fún mi. Láyé ogun, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, ẹni tó bá ní òkè nílùú rẹ̀ ló rí oorun sùn. Àwọn Dahomey kọlu Abẹ́òkúta lọ́dún 1851, wọ́n tún padà wá lọ́dún 1864. Ẹ̀gbá ní Olúmọ. Ará Àdó ní òkè tiwọn, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ títí àlàáfíà fi dé tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Èyí ni mo ń rò bí mo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ: ní Rainham, ogun lé èèyàn kúrò, ẹyẹ jogún ilẹ̀, ní Àdó, ogun lé èèyàn lọ bá ẹyẹ lókè. Ajagun tó bá sì ní irú orúnkún tèmi, ìdajì ọ̀nà ló ti máa padà.

Òkúta Ìṣàgé ń bẹ lókè, ó gbé ìdí tóóró lé àpáta, kò ṣubú. Adágún Ìyákẹ́ náà ń bẹ, tí wọ́n ní kì í gbẹ, tí wọ́n tún ní kò nísàlẹ̀. Omi mìíràn wà tó ń jẹ́ Agbọ́mọfúnyákẹ́. Ní Rainham, omi tí ò mu kókósẹ̀ á ní pátákó ìkìlọ̀. Níbí, orúkọ omi ti tó. Ìyàwó mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì tú ọwọ́ ọmọ kankan sílẹ̀ mọ́ títí a fi sọ̀.

Kò sẹ́ni tó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ogun ti parí tipẹ́, àwọn aládùúrà ṣì ń fi ohùn òkè lé ọ̀tá lórí àpáta. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa kiri sọ ìtàn òkè fún wa; bàbá kan tó ń kọjá dúró, wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n sọ tiwọn. Àwọn méjèèjì tọ́ka sí àpáta kan náà láti fi jẹ́rìí. Ọmọ mi ọkùnrin, tí kò ka pátákó kan tán rí ní Rainham, la ẹnu sílẹ̀ dé ìparí. Pátákó kì í bá ara wọn jiyàn.

Nígbà tá a délẹ̀, ìyá ọlọ́sàn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu àwọn ọmọ mi, owó ọsàn sì gun òkè. Ìyá mi so ìró wọn le.

"Ọmọ Lánlátẹ̀ ni wọ́n o!"

"Lánlátẹ̀, agbo ilé wo?"

Ìyá mi dárúkọ ilé. Ìyá ọlọ́sàn kígbe: ilé yẹn ló fẹ́ àbúrò òun! Kí n tó mu ọsàn kan tán, a ti di àna. Wọ́n bu ọsàn kún kúlà wa láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì pè wá sí ìgbéyàwó loṣù Kejìlá. Aṣọ ẹbí wà. Àwọn ará ilé á fi náírà san tiwọn. Wọ́n ní kí èmi fi pọ́n-ùn san tèmi.