Ìràwọ̀ Karùn-ún, Ipò Onílé àti Àkàsọ̀ Aládùúgbò

Ilé àyálò ọlọ́jọ́ díẹ̀, èyí tí àwọn ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó ń pè ní shortlet, ni ilé gbígbé tí onílé fi ń gba àlejò fún òru kan, òru méjì tàbí ọ̀sẹ̀ kan, tí kò sì tíì di òtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀. Àlejò tí ó ń bọ̀ kò mọ onílé, onílé kò mọ àlejò, àwọn méjèèjì sì ní láti gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rí àwọn tí wọ́n ti sùn níbẹ̀ rí. Ẹ̀rí yìí ni a sọ di ìràwọ̀, láti orí 1 dé orí 5, tí a ń ṣírò pọ̀, tí a sì ń gbé sí iwájú ilé kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí tíṣà bá kọ máàkì sí orí ìwé ọmọ ilé-ìwé. Òǹkọ̀wé àròkọ yìí, tí ó fi ọdún 34 kọ́ ọmọ ní ìṣirò kí ó tó fẹ̀yìn tì, ni ó yẹ kí ètò yìí tètè yé; kò yé e títí a fi bá a lórí táǹkì omi, láìwọ ṣòkòtò, nígbà tí agogo mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá.

Airbnb ni ilé-iṣẹ́ tí ó sọ ètò náà di mímọ̀ káàkiri ayé. Ní 2007, Brian Chesky àti Joe Gebbia, tí owó ilé ń ká lára ní San Francisco, tẹ́ bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ sínú ilé wọn fún àlejò mẹ́ta tí ó wá sí ìpàdé ní ìlú náà. Nígbà tí Nathan Blecharczyk dara pọ̀ mọ́ wọn, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Nínú ètò wọn ni ipò Superhost wà, ìyẹn àmì àyẹ́sí tí a ń fi sára orúkọ onílé tí ó bá ti gba àlejò mẹ́wàá láàárín ọjọ́ 365 (tàbí àlejò mẹ́ta tí òru wọn pé 100), tí ó ń dáhùn ìdá 90 nínú 100 àwọn tí ó bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé, tí kì í yẹ àdéhùn pẹ̀lú àlejò, tí àròpín ìràwọ̀ rẹ̀ kò sì rẹlẹ̀ ju 4.8 lọ. Ẹnikẹ́ni kì í kọ̀wé béèrè fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni wọ́n ń yẹ ìwé gbogbo onílé wò, ní ọjọ́ kìíní oṣù January, April, July àti October. Ọ̀kan nínú èrè rẹ̀ ni pé àlejò tí ó ń wá ilé lè ní kí a fi ti àwọn Superhost nìkan han òun, nígbà náà ilé ẹni tí kò ní àmì kò ní jáde rárá, bí ẹni tí ó pàtẹ iṣu sínú yàrá nígbà tí Ọjà Ọba ń hó yèè.

Nípa 4.8 yìí, ó yẹ kí a dúró díẹ̀. Ní yunifásítì ilẹ̀ wa, máàkì 70 ni A ti ń bẹ̀rẹ̀; 4 nínú 5 jẹ́ 80, ọmọ tí ó bá sì gbé 80 wálé, wọn a pa adìẹ fún un. Lójú ètò yìí, 4 jẹ́ ìfìdírẹmi, nítorí pé 4.8 jẹ́ 96 nínú 100. Nígbà tí Georgios Zervas, Davide Proserpio àti John Byers, ti Boston University, ṣe ìwádìí lórí ilé tí ó lé ní 600,000 ní 2015, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 ni ó ní ìràwọ̀ 4.5 tàbí 5. Kíláàsì tí ọmọ 95 nínú 100 ti gba 90 sókè, tíṣà wo ni yóò sọ pé òun ti dán ẹnikẹ́ni wò? Síbẹ̀, inú kíláàsì yẹn ni òǹkọ̀wé yìí sáré wọ̀ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ìpogun ni ilé tí òǹkọ̀wé yìí fi ń gba àlejò wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ tí olú rẹ̀ jẹ́ Ìgbàrà-Òkè, ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Àwọn tí ó ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Àkúrẹ́, àwọn òbí tí ó ń bọ̀ wá bá ọmọ wọn yọ̀ ní Elizade University ní Ìlárá-Mọ̀kín, àti àwọn tí ó fẹ́ gun òkè Ìdànrè ni wọ́n ń dé síbẹ̀. Nígbà tí September yóò fi dé, àlejò mẹ́sàn-án ti kọjá. Méje fún un ní 5, méjì fún un ní 4, àpapọ̀ 43. Nínú 4 méjèèjì, ẹ̀bi òǹkọ̀wé yìí ni àkọ́kọ́, nítorí pé Àkúrẹ́ ni ó kọ síwájú ilé tí ó wà ní Ìpogun, àlejò tí ó sì ti ń fi ojú wá ààfin Déjì láti ojú fèrèsé kò lè dárí jì í. Ti èkejì, iná ọba ni. Àlejò náà kọ ọ́ pé iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta lóru ọjọ́ kan. Ẹ jọ̀wọ́, onílé wo ni ó ń pín iná? Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jẹnẹrétọ̀ tí ó bá ṣiṣẹ́ láti alẹ́ mọ́jú a máa jẹ ju owó òru kan tí àlejò san lọ, ìwọ̀n tí a sì fi ń wọn ilé ní San Francisco, tí wọ́n kì í fi etí sílẹ̀ kí iná tó dé, ni a fi ń wọn ti Ìpogun. Àlejò ọ̀hún mọ̀ dájúdájú pé Nàìjíríà ni òun wà!

Ìṣirò ohun tí ó kù kò nira: 43 pẹ̀lú 5 jẹ́ 48, a pín in fún 10, ó di 4.8 géérégé. Bí àlejò kẹwàá bá fún un ní 4, ó di 4.7, àmì sì ti lọ títí di January. Àlejò kẹwàá dé ní ọjọ́ Ẹtì kan ní àárín oṣù náà, ìyá àti ọmọ: ọmọ tí ó ń gbé Èkó ni ó fi fóònù rẹ̀ gba ilé náà sílẹ̀, màmá sì jẹ́ ọmọ Oǹdó, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni òǹkọ̀wé yìí rí i pé táǹkì kò kún.

Láti lóye ohun tí ó tẹ̀ lé e, ó di dandan kí òǹkàwé mọ bí táǹkì ṣe ń ṣiṣẹ́. Táǹkì ike dúdú tí ó wà lórí òpó irin lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé ní ẹnu páìpù kan nínú lókè, a sì so ọ̀pá kékeré kan mọ́ ẹnu páìpù yìí, tí bọ́ọ̀lù ike wà ní orí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà ń léfòó: bí omi bá ń kún, ó ń gòkè, ọ̀pá a sì dí ẹnu páìpù kí omi má baà ṣàn dànù, bí àlejò bá wẹ̀, tí omi lọ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù náà a bá omi sọ̀kalẹ̀, ẹnu páìpù a sì ṣí. Bí ìdọ̀tí bá wá di oríkèé ọ̀pá náà, bọ́ọ̀lù a há sókè, nígbà náà ẹ̀rọ tí ó ń fa omi láti inú kànga lè máa kùn láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ̀kán omi kan kò ní wọ táǹkì. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ju kí ènìyàn gùn ún, kí ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí ó mi bọ́ọ̀lù náà díẹ̀, kí ó sì máa retí iná. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n onílé tí ó kọ ọ́ síwájú ilé rẹ̀ pé omi ń ṣàn tọ̀sán-tòru kò lè jẹ́ kí àlejò kẹwàá rí òun lórí táǹkì, nítorí náà ó dúró di alẹ́.

Àkàsọ̀ tí ó lò jẹ́ ti bíríkìlà tí ilé rẹ̀ kángun sí ibẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí kò tọrọ rẹ̀. Ó yá a ní irú ọ̀nà tí òfin ní orúkọ mìíràn fún. Nígbà tí ó dé òkè, ó rí i pé ọwọ́ kò tó bọ́ọ̀lù náà, àfi kí òun ki ẹsẹ̀ kan bọ inú táǹkì. Ṣòkòtò gínì funfun ni ó sì wọ̀, nítorí pé ó ti lọ kí àwọn àlejò ní ìrọ̀lẹ́. Pẹ̀lú làákàyè ọdún 34 lẹ́nu iṣẹ́, ó bọ́ ṣòkòtò náà, ó sì fi í kọ́ orí àkàsọ̀ kí ó má baà dọ̀tí.

Ẹsẹ̀ kan ṣì wà nínú táǹkì nígbà tí bíríkìlà dé. Iṣẹ́ ń dúró dè é ní ìlú Oǹdó ní ìdájí, ó sì ń wá àkàsọ̀ rẹ̀ kiri nínú òkùnkùn, ó ń ṣépè fún ẹni tí ó gbé e. Bí òǹkọ̀wé yìí bá sọ̀rọ̀, òun ni olè tí à ń ṣẹ́ èpè fún, àlejò yóò sì tún gbọ́; ó pa ẹnu mọ́, ó tilẹ̀ gba èpè mẹ́ta àkọ́kọ́ mọ́ra láìmí. Bíríkìlà rí àkàsọ̀ rẹ̀, ó gbé e lé orí píkọ́ọ̀pù, ó sì lọ. Ṣòkòtò bá àkàsọ̀ lọ.

Fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni onílé fi jókòó sí orí táǹkì ara rẹ̀, nínú bùbá àti pátá, tí ó ń wo ìràwọ̀ ojú ọ̀run, èyí tí ó pọ̀ gan-an ní Ìpogun nígbà tí iná kò bá sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè dín ọ̀kan kù nínú rẹ̀. Ó ń ronú bí ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ yóò ti rí nígbà tí fóònù rẹ̀ ké nínú àpò bùbá. Orin ìjọ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi sí i ni, táǹkì òfìfo sì gba ohùn náà, ó sọ ọ́ di gbẹ̀du. Àlejò ni ó ń pè. Onílé tí kì í jẹ́ kí ìpè kọjá ìṣẹ́jú kan gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Dádì, ẹ jọ̀wọ́, omi ti lọ o.”

“Ẹ má ṣèyọnu, ọmọ mi. Wọ́n ti wà lórí rẹ̀.”

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ wà? Ó dà bí ẹni pé ohùn yín ń jáde lókè ilé.”

Kí ó tó rí irọ́ tí yóò bá a mu, tọ́ọ̀ṣì kan ti yọ lójú fèrèsé, ó ti rìn gba ara òpó irin gòkè, ó sì dúró sórí itan rẹ̀. Igbe “olè” tí ó tẹ̀ lé e kò nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti pé pẹ̀lú àdá àti igi, ọdẹ kan sì gbé ìbọn ṣakabùlà dání. Òǹkọ̀wé yìí ké sí wọn pé òun ni òun ni ilé náà, ọdẹ sì dá a lóhùn, láìbínú rárá, pé olè tí òun mú lóṣù tó kọjá náà sọ pé òun ni òun ni ilé. Ìgbà tí ó pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n tò ní ìlà, ni ọkùnrin kan láàárín wọn pariwo pé òun mọ ohùn yẹn, pé ohùn yẹn ni ó na òun nítorí ìdá-nínú-ìdá ní kíláàsì kejì. “Tíṣà ni o! Tíṣà ni!” Ó yẹ kí èyí jẹ́ ìdáǹdè, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣì ń pè é ní olè, olè ni ì bá ni ìtìjú náà.

Nígbà náà ni iná dé. Àwọn èrò kígbe “Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!” bí ìṣe wọn, gílóòbù ńlá tí òǹkọ̀wé yìí fúnra rẹ̀ rà kí àlejò lè rí i pé ààbò wà, tí ó sì dojú rẹ̀ kọ táǹkì ní tààrà, tàn gbòò, ẹ̀rọ omi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, bọ́ọ̀lù tí a ti mì sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pérépéré: ẹnu páìpù ṣí, omi sì tú jáde lu onílé láti àyà dé ẹsẹ̀.

Màmá jáde síta pẹ̀lú ìró àti ìborùn, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì rẹ ara sílẹ̀ bí ó ti yẹ kí obìnrin kí àgbà ọkùnrin.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ẹ kú làálàá omi.”

Orí tábìlì oúnjẹ àwọn àlejò, tí a gbé àga kan lé, ni ó gbà sọ̀kalẹ̀, orí tábìlì kan náà tí wọ́n ti jẹ iṣu àárọ̀ ní ọjọ́ kejì.

Ó ku ìdánwò. Nínú ètò yìí, àlejò ń fún onílé ní ìràwọ̀, onílé náà sì ń kọ tirẹ̀ nípa àlejò. Ọjọ́ 14 ni olúkúlùkù ní lẹ́yìn tí àlejò bá kúrò, kò sì sí ẹni tí yóò rí ohun tí ẹnìkejì kọ títí àwọn méjèèjì yóò fi kọ tiwọn tàbí tí ọjọ́ yóò fi pé, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ibi san ibi tàbí fi ẹnu dídùn ra ẹnu dídùn. Òǹkọ̀wé yìí mọ èyí, síbẹ̀ ó sáré kọ tirẹ̀ kí ọkọ̀ wọn tó dé Àkúrẹ́: ìràwọ̀ 5, pẹ̀lú ẹ̀rí pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kò pariwo, wọn kò sì kó èrò wọlé. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jáde papọ̀, ọ̀kan lókè èkejì. Ilé mọ́, ni ọmọ náà kọ. Omi pọ̀ nígbà tí ó dé. Onílé wà nítòsí ju bí a ti rò lọ. Ìràwọ̀ 4.

Ọ̀rọ̀ náà ká òǹkọ̀wé yìí lára débi pé ó pe ọmọ náà láti fi ọgbọ́n béèrè, ohun tí kò yẹ onílé. Ọmọ náà tọrọ àforíjì, ó ní 5 ni òun fẹ́ tẹ̀, màmá ni ó gba fóònù. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní gbogbo máàkì rí. Wọ́n ní ti Ọlọ́run ni, wọ́n sì ní 4 tí àwọn fún Tíṣà yẹn, iṣẹ́ àṣekára ni àwọn wò mọ́ ọn lára. Òǹkọ̀wé yìí kò rí èsì fọ̀, nítorí pé bí òun náà ti ṣe ń máàkì fún ọdún 34 nìyẹn.

October kìíní dé, 4.7 ni. Láti dé 4.8, àlejò márùn-ún gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra wọn pẹ̀lú 5, kí ọ̀gá ilé-ìwé kankan má sì wà láàárín wọn. Bíríkìlà dá ṣòkòtò padà láti Oǹdó, ó ti fọ̀ ọ́, kò sì béèrè nǹkankan. A yọ “Àkúrẹ́” kúrò níwájú ilé, a fi Ìpogun sí i, a sì yọ “tọ̀sán-tòru” kúrò nínú ọ̀rọ̀ omi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù náà, ìbéèrè tuntun kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ń bọ̀ síbi ìgbéyàwó: ó ti ka ọ̀rọ̀ àwọn àlejò, ó fẹ́ òru méjì, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá onílé tí ó máa ń wà nítòsí yẹn wà nínú owó ilé tàbí a ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀. A dá a lóhùn láàárín ìṣẹ́jú kan.